Ta Ni Ọba Nínú "Agbèfọ́ba"? Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Agbẹjọ́rò Ìjọba ní Ìlọrin Lábẹ́ Ìjọba Amúnisìn, 1900–1960

Àṣamọ̀

Nígbà tí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìjọba amúnisìn, gómìnà, ajẹ́lẹ̀, ọba àti owó-orí ni a sábà máa ń mẹ́nu bà. A kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ń dìde ní kóòtù láti fi ẹ̀sùn kan ará ìlú lórúkọ ìjọba. Ẹni náà, tí Yorùbá ń pè ní agbèfọ́ba, ni iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò ní ìlú Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀ láàrin ọdún 1900 sí 1960. A fi hàn pé fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n àkọ́kọ́, ipò agbèfọ́ba àti ipò adájọ́ kò ní ààlà tí ó ṣe gúnmọ́ ní ilé-ẹjọ́ tí àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ń darí. A tún fi hàn pé àtúnṣe ọdún 1933 ya ipò méjèèjì sọ́tọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yà wọ́n tán. Ní ìparí, a ṣàlàyé ohun tí ìtàn yìí lè kọ́ olùkọ́ nípa ìdájọ́ nínú kíláàsì tirẹ̀.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "A gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Bí a bá wo òwe yìí dáadáa, a ó rí i pé ènìyàn mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀: ẹni tí ó mú ẹjọ́ wá, ẹni tí a mú ẹjọ́ rẹ̀ wá, àti àgbà tí yóò dá a. Bí méjì nínú àwọn mẹ́ta wọ̀nyí bá di ẹnìkan ṣoṣo, ìdájọ́ ti wọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí a ó fi wọn iṣẹ́ agbèfọ́ba nínú iṣẹ́ yìí nìyí.

Ìdí tí a fi yan Ìlọrin ni pé ọ̀nà ìdájọ́ mẹ́ta ni ó pàdé níbẹ̀. Èkíní ni ìdájọ́ agboolé, èyí tí ó wọ́pọ̀ láàrin gbogbo Yorùbá. Èkejì ni ìdájọ́ Ṣàríà lábẹ́ Àlíkálì, èyí tí ó fìdí múlẹ̀ láti ìgbà tí ìdílé Àlímì ti ń jọba ní ìlú náà. Ẹ̀kẹta ni ìdájọ́ òyìnbó. Kò sí agbèfọ́ba nínú méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta ni ó mú un wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kí àwọn ará Ìlọrin tó rí i gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ tí ó dá dúró.

Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ náà

Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, a ó rí i báyìí: a + gbè + fún + ọba = agbèfọ́ba, ìyẹn ẹni tí ń gbè sẹ́yìn ọba. Ó yàtọ̀ sí agbẹjọ́rò, èyí tí ó jẹ́ a + gba + ẹjọ́ + rò. Agbẹjọ́rò lè gba ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rò: lónìí ó lè dúró fún olùpẹjọ́, lọ́la ó lè dúró fún olùjẹ́jọ́. Ní ti agbèfọ́ba, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti sọ ibi tí ó dúró sí kí ó tó wọ kóòtù.

Ìbéèrè tí ó kù ni pé, ọba wo? Ní àkókò tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Súlàímánù, Ṣúáíbù àti Àbúdùlkádírì ni wọ́n jọba tẹ̀lé ara wọn ní Ìlọrin títí di ọdún 1959. Síbẹ̀, kì í ṣe àwọn ni ọba inú ọ̀rọ̀ náà. Nínú àkọsílẹ̀ ilé-ẹjọ́ gíga ti òyìnbó, orúkọ tí wọ́n máa ń kọ síwájú orúkọ ẹni tí a fẹ̀sùn kàn ni "Rex", ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí ọba. Lẹ́yìn tí Elizabeth Kejì gorí oyè ní ọdún 1952, ó di "Regina", ìyẹn ọbabìnrin. Ọba tí agbèfọ́ba ń gbè nígbà náà wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ará Ìlọrin tí ó jí ẹran aládùúgbò rẹ̀ lè bá ara rẹ̀ nínú ẹjọ́ pẹ̀lú ọba tí kò rí rí, nígbà tí aládùúgbò tí ó ni ẹran di ẹlẹ́rìí lásán.

Ìpẹjọ́ ní Ìlọrin kí Òyìnbó tó Dé

Nínú ìdájọ́ agboolé, ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó máa ń mú ẹjọ́ rẹ̀ tọ baálé tàbí mọ́gàjí lọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ju agbára agboolé lọ, a gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ olórí àdúgbò. Ní Ìlọrin, àwọn Balógun mẹ́rin, ìyẹn Balógun Àlànàmú, Àjíkòbí, Gàm̀bàrí àti Fúlàní, ní àṣẹ lórí àdúgbò tiwọn, ọba sì wà lókè gbogbo wọn. Olùpẹjọ́ a fi ẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀, olùjẹ́jọ́ náà a sọ tirẹ̀, àwọn àgbà a sì wá bí àlàáfíà yóò ṣe padà. Ìdí nìyí tí Yorùbá fi ń sọ pé, "Mọ ẹjọ́ mi lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀." Ẹni tí ó bá gbà pé òun jẹ̀bi a tọrọ àforíjì, a san ohun tí ó yẹ, ọ̀rọ̀ a sì tán.

Níwájú Àlíkálì, òfin Ṣàríà gẹ́gẹ́ bí ìlànà Máálíkì ti là á sílẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀lé. Ìlànà yìí sọ pé ẹni tí ó bá fẹ̀sùn kan ẹlòmíràn ni yóò mú ẹ̀rí wá. Ẹni tí ó bá sẹ́ ni yóò búra. Nínú ẹjọ́ ìpànìyàn pàápàá, àwọn ajogún ẹni tí a pa ni ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí a gba ẹ̀mí dípò ẹ̀mí, kí wọ́n gba owó ẹ̀jẹ̀, tàbí kí wọ́n dárí jì. Àlíkálì kò lè gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀nà méjèèjì yìí bá ara wọn mu ní ibi kan: ẹni tí ọ̀ràn dùn ni ó ni ẹjọ́. Àléébù wọn náà sì bá ara wọn mu. Àlejò tí kò ní ẹbí, ẹrú tàbí tálákà tí ẹ̀rù ọlọ́lá ń bà lè ṣàìrí ẹni tí yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ dìde. A gbọ́dọ̀ rántí èyí kí a má baà sọ pé gbogbo ohun àtijọ́ ni ó dára.

Ajẹ́lẹ̀ tí ó Tún Jẹ́ Adájọ́, 1900–1933

Ní oṣù Kejì ọdún 1897, àwọn ọmọ-ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin ní àkókò Ọba Súlàímánù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1900, Frederick Lugard kéde ìjọba Àríwá Nàìjíríà ní Lọ́kọ́ja, Ìlọrin sì di ọ̀kan nínú àwọn ẹkùn rẹ̀. Òyìnbó tí ó jẹ́ olórí ẹkùn ni wọ́n ń pè ní Rẹ́sídẹ́ǹtì. Àwọn Yorùbá pe irú àwọn òyìnbó bẹ́ẹ̀ ní ajẹ́lẹ̀. Orúkọ yìí kì í ṣe tuntun, nítorí pé ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pe àwọn aṣojú tí Ìlọrin fúnra rẹ̀ máa ń rán lọ sí àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1900 kan náà ni wọ́n ṣe òfin tí ó dá ilé-ẹjọ́ ẹkùn sílẹ̀. Rẹ́sídẹ́ǹtì ni adájọ́ rẹ̀, àwọn òyìnbó tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ igbákejì adájọ́. Àwọn kan náà ni ó ń gba owó-orí, tí ó ń darí ọ̀rọ̀ ìlú, tí ó sì ń gbọ́ ìròyìn ọ̀ràn láti ẹnu ọlọ́pàá. Nítorí náà, ẹni tí ó ṣe ìwádìí, ẹni tí ó fọwọ́ sí ẹ̀sùn àti ẹni tí ó dá ẹjọ́ lè ti inú ọ́fíìsì kan ṣoṣo jáde wá. Ní ọdún 1904, wọ́n ṣe ìwé òfin ọ̀daràn fún Àríwá, èyí tí wọ́n gbé ka orí òfin Queensland ní ilẹ̀ Australia. Òfin yìí ni wọ́n sọ di ti gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1916.

Lẹ́yìn tí wọ́n so Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù ní ọdún 1914, Lugard mú irú ilé-ẹjọ́ ẹkùn yìí gbòòrò dé Gúúsù, ó sì fi òfin dí àwọn lọ́yà lọ́nà láti rojọ́ níbẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé lọ́yà yóò máa fa ẹjọ́ gùn, yóò sì máa ti àwọn ènìyàn láti pe ara wọn lẹ́jọ́. Àwọn lọ́yà àti àwọn oníwèé-ìròyìn ìlú Èkó bínú sí òfin yìí gidigidi. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn lè dúró níwájú Rẹ́sídẹ́ǹtì láìsí ẹni tí yóò gba ẹjọ́ rẹ̀ rò. Bí wọ́n bá dá ẹjọ́ ikú, ìwé ẹjọ́ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ìjọba lókè kí a tó mú un ṣẹ. Ààbò tí ó wà nìyẹn, ṣùgbọ́n orí ìwé tí adájọ́ fúnra rẹ̀ kọ ni ààbò náà dúró lé.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Ìjọba Àríwá ń rọ àwọn òyìnbó rẹ̀ láti kọ́ èdè Haúsá, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ní Ìlọrin. Ọ̀rọ̀ olùjẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ gba ẹnu ògbufọ̀ kọjá kí ó tó dé inú ìwé òyìnbó. Kò sí lọ́yà tí yóò dìde pé, "Ohun tí ó sọ kọ́ nìyẹn." Ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ rí yóò mọ bí ìyàtọ̀ ti pọ̀ tó láàrin "mo gbá a" àti "mo pa á" bí etí ògbufọ̀ bá di díẹ̀.

Kí a má ṣe gbàgbé apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1901, ìjọba Àríwá ṣe òfin tí ó ka òwò ẹrú léèwọ̀. Ẹni tí wọ́n jí gbé kò ní agbára láti pe olówó tí ó rà á lẹ́jọ́ lábẹ́ ètò àtijọ́. Ìjọba lè ṣe é fún un. Èyí ni àǹfààní tí ó wà nínú kí ìjọba gba ẹjọ́ ọ̀daràn sí ọwọ́ ara rẹ̀. Ìjọba ní ìdí láti pe ọ̀daràn lẹ́jọ́. Àìtọ́ ibẹ̀ ni pé ìjọba yìí kan náà ni ó tún jókòó láti dá a.

Ilé-ẹjọ́ Àlíkálì kò kúrò ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ tí ó ń gba àṣẹ láti ọwọ́ Rẹ́sídẹ́ǹtì. Àwọn dógarì ọba ni ó ń mú ọ̀daràn wá síbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí N.A. ni ó ni ọlọ́pàá, ó ni kóòtù, ó sì ni ọgbà ẹ̀wọ̀n. Àléébù ilé-ẹjọ́ ẹkùn tún yọjú níbí, lábẹ́ orúkọ mìíràn.

Àtúnṣe Ọdún 1933 àti Ọlọ́pàá Agbèfọ́ba

Donald Cameron, tí ó jẹ́ gómìnà láti ọdún 1931 sí 1935, rí i pé ètò yìí kò tọ́. Àwọn òfin tí ó ṣe ní ọdún 1933, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1934, pa ilé-ẹjọ́ ẹkùn rẹ́. Wọ́n fi ilé-ẹjọ́ gíga àti ilé-ẹjọ́ májísíréètì dípò rẹ̀, wọ́n sì gba àwọn lọ́yà láàyè níbẹ̀. Ìgbà yìí ni ó di ohun tí ó ṣeé ṣe ní agbègbè bí Ìlọrin kí ènìyàn mẹ́ta inú òwe wa dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú yàrá kan.

Ṣùgbọ́n ta ni ó dìde fún ìjọba? Ní ilé-ẹjọ́ gíga, lọ́yà ìjọba láti ọ́fíìsì Agbẹjọ́rò Àgbà ni. Àwọn lọ́yà bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, òyìnbó sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, ọmọ Aláké, ṣiṣẹ́ díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí lọ́yà ìjọba ní ọdún 1934 kí ó tó di májísíréètì ní ọdún 1939. Òun náà ni ó wá di Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ní ọdún 1958. Ní ilé-ẹjọ́ májísíréètì, níbi tí ẹjọ́ ti pọ̀ jù, ọlọ́pàá ni agbèfọ́ba. Wọ́n ti so ọlọ́pàá Àríwá àti ti Gúúsù pọ̀ ní ọdún 1930, òfin ọlọ́pàá ti ọdún 1943 sì fún ọlọ́pàá láṣẹ láti pe ẹjọ́ ọ̀daràn fúnra rẹ̀ ní kóòtù.

Ọlọ́pàá agbèfọ́ba kì í ṣe lọ́yà. Ẹlẹgbẹ́ ẹni tí ó mú ọ̀daràn ni, ọ̀gá kan náà ni ó sì ń pàṣẹ fún àwọn méjèèjì. Bí ẹ̀rí kò bá tó, ó ṣòro fún un láti dìde kí ó sọ pé ẹlẹgbẹ́ òun ṣi ènìyàn mú. Bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú iṣẹ́ pàtàkì agbẹjọ́rò ìjọba ni láti mọ ẹjọ́ tí kò yẹ ní pípè. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn ajẹ́lẹ̀ ṣì ń lo agbára májísíréètì nítorí pé adájọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ òfin kò tó. Ìyapa náà wà nínú ìwé ju bí ó ti wà nínú kóòtù lọ. Kò yani lẹ́nu pé irú àkókò yìí ni ó bí òwe tí gbogbo wa mọ̀: "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́." Kóòtù inú òwe yìí kì í ṣe ilé baálé tí a ti ń wá àlàáfíà.

Nígbà tí Agbèfọ́ba bá Gbè fún Ìjọba nínú Ìṣèlú

Bí ọ̀ràn bá jẹ́ olè tàbí ìjà, a lè sọ pé ìjọba ń gbèjà ará ìlú. Bí ọ̀ràn bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan sọ sí ìjọba, ìjọba fúnra rẹ̀ ni olùpẹjọ́ tí inú ń bí. Ní ọdún 1909, ìjọba Gúúsù Nàìjíríà ṣe òfin tí ó sọ ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 1928, wọ́n ju Herbert Macaulay sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Èkó nítorí ohun tí ìwé-ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, tẹ̀ jáde nípa ọ̀tẹ̀ láti pa Elékòó.

Ẹjọ́ tí ó sún mọ́ wa jù ni ti Raji Abdallah, ọmọ Òkéné ní ẹkùn Kàbà, ẹkùn tí wọ́n so mọ́ Ìlọrin láti dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ní ọdún 1967. Òun ni ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ń tẹ̀lé Nnamdi Azikiwe. Lẹ́yìn àsọyé kan tí Osita Agwuna sọ ní Èkó ní oṣù Kẹwàá ọdún 1948, ìjọba kó àwọn olórí ẹgbẹ́ náà lọ sí kóòtù lórí ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀, Abdallah sì wà lára àwọn tí ó lọ sẹ́wọ̀n ní ọdún 1949.

Irú ẹjọ́ yìí gba kí Agbẹjọ́rò Àgbà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ààbò ni èyí yẹ kí ó jẹ́. Ṣùgbọ́n Agbẹjọ́rò Àgbà ìgbà náà jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń gba gómìnà nímọ̀ràn àti nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣòfin. Ó bá wọn ṣe òfin, ó bá wọn pinnu ẹni tí òfin yóò mú, òun náà ni ó sì ń rán lọ́yà lọ sí kóòtù. Kí ni a lè retí kí ó sọ bí gómìnà bá ń bínú?

Ìlọrin ní Àwọn Ọdún 1950

Ní àwọn ọdún 1950, ọ̀rọ̀ kóòtù di ọ̀rọ̀ ìṣèlú ní Ìlọrin. Ẹgbẹ́ Ìlọrin Tálákà Parapọ̀, tí ó bá ẹgbẹ́ Action Group ṣe, borí nínú ìdìbò ìgbìmọ̀ ìlú ní ọdún 1956. Wọ́n fẹ́ kí Ìlọrin bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn. Ìjọba Àríwá tú ìgbìmọ̀ náà ká ní ọdún 1958. Ìgbìmọ̀ Willink, tí ó ṣe ìwádìí ẹ̀rù àwọn ẹ̀yà kéékèèké láàrin ọdún 1957 sí 1958, gbé ọ̀rọ̀ Ìlọrin àti Kàbà yẹ̀ wò. Ó sì gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí ní Àríwá nípa ilé-ẹjọ́ Àlíkálì.

Ní ilé-ẹjọ́ gíga, ìjà òfin ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú. Ní ọdún 1947, nínú ẹjọ́ Tsofo Gubba àti N.A. ti Gwandu, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sọ pé ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ kò lè pa ènìyàn fún ọ̀ràn tí ìwé òfin ọ̀daràn kò kà sí èyí tí ó tó ikú. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí orúkọ ẹjọ́ náà: N.A. ni ó dúró gẹ́gẹ́ bí olùfisùn. Ibi tí ọba Lọ́ńdọ̀nù wà nínú ẹjọ́ mìíràn ni ìjọba ìbílẹ̀ wà nínú èyí.

Ní ọdún 1958, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin tí Adájọ́ Àgbà ilẹ̀ Sudan, Abu Rannat, jẹ́ alága rẹ̀ dámọ̀ràn ìwé òfin tuntun. Ìwé òfin yìí, tí a mọ̀ sí Penal Code, di òfin Àríwá ní ọdún 1959, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọgbọ̀n ọjọ́—èyíinì ni ọjọ́ tí ó gbẹ̀yìn—oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, nígbà tí òmìnira ku ọ̀la. Òfin kan wá di ti gbogbo ènìyàn. Síbẹ̀, wọn kò gba lọ́yà láàyè ní ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1979 ni ó là á mọ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tí a fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn lè mú agbẹjọ́rò tí ó bá wù ú.

Ohun tí Olùkọ́ lè Rí Kọ́

Àkọ́kọ́, ìtàn yìí ṣeé fi ṣe eré nínú kíláàsì. Kí olùkọ́ tọ́jú àga mẹ́ta: ti agbèfọ́ba, ti olùjẹ́jọ́ àti ti adájọ́. Kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ kan ṣe agbèfọ́ba àti adájọ́ pọ̀, kí ó sì bi ẹni tí ó ṣe olùjẹ́jọ́ bí ó ti rí lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó yà wọ́n sọ́tọ̀, kí wọ́n tún ẹjọ́ kan náà ṣe. Àwọn ọmọ yóò mọ ìtumọ̀ agbèfọ́ba, agbẹjọ́rò, olùpẹjọ́, olùjẹ́jọ́ àti ẹlẹ́rìí láìjẹ́ pé wọ́n há a sórí.

Èkejì, ìtàn yìí kan àwa olùkọ́ fúnra wa. Nígbà tí owó bá sọnù ní kíláàsì, olùkọ́ ni ó ń ṣe ìwádìí, òun ni ó ń fẹ̀sùn kan ọmọ, òun ni ó ń dájọ́, pàṣán sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ ti jókòó sórí àga Rẹ́sídẹ́ǹtì ọdún 1914 láìmọ̀. Ó sàn kí ó pe olùkọ́ mìíràn láti gbọ́ ẹjọ́ náà, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ náà rí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀.

Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé agbèfọ́ba kò sí nínú ìdájọ́ àtijọ́ ní Ìlọrin, pé ìjọba amúnisìn ni ó mú un wá, àti pé fún ìgbà pípẹ́ ni ó fara pamọ́ sínú ẹ̀wù adájọ́. Lónìí, abala 211 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fún Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti pe ẹjọ́ ọ̀daràn, láti gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tàbí láti dá a dúró. Ó sì pàṣẹ pé kí ó wo ire ará ìlú àti òdodo bí ó ti ń lo agbára náà. Ọba ti kúrò nínú orúkọ ẹjọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe òṣìṣẹ́ náà. Bí a bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bá ìgbà mu, ará ìlú ni kí a gbà pé ó jẹ́ ọba tí agbèfọ́ba ń gbè. Ẹni tí ó jókòó sínú àpótí olùjẹ́jọ́ náà sì jẹ́ ará ìlú.